Odó Abẹ́ Ilẹ̀kùn Irin

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ọ́ìlì gbígbóná níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, àyà mi á já.

Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ní Oregun ni bàbá mi sọ di ilé fún wa. Odidi irin ni ilẹ̀kùn iwájú rẹ̀, tírélà lè gbabẹ̀ wọlé. Jáàkì ńlá méjì tí ọ́ìlì ń ṣiṣẹ́ nínú wọn ló ń gbé e sókè. Ẹnu ọ̀nà yẹn nìkan ni oòrùn ti ń ráyè wọlé, ibẹ̀ ni Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, sì máa ń sá odó wọn sí. Ojoojúmọ́ ni bàbá mi ń kùn, tí wọ́n ń gbé e kúrò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìrun Alásárì fẹ́ bọ́ mọ́ bàbá mi lọ́wọ́. Wọ́n fi odó sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n ti gbé sókè, wọ́n tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe foríkanlẹ̀ báyìí, rọ́bà tí ọ́ìlì ń gbà dé inú jáàkì méjèèjì bẹ́ gbàù! Ọ́ìlì gbígbóná ta sí mi lápá níbi tí mo dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáàkì. Ilẹ̀kùn já wálẹ̀, ó balẹ̀ sórí odó, ó dúró. Díẹ̀ ló kù kó kan ẹ̀yìn bàbá mi.

"Ta ló ń fọ́ odó mi?" Màmá Àgbà ń pariwo bọ̀ láti ilé ìdáná. Bí wọ́n ṣe rí ẹsẹ̀ ọmọ wọn lábẹ́ irin, ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Bàbá mi ò mira. Mo rò pé ìrun ni wọ́n ṣì ń kí. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí wọ́n lè dìde.

Bàbá mi ké láti abẹ́ irin: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé odó yín kúrò o."