Ọjọ́ tí Bàbá Mi Dìde Lórí Àga Eléyín

Òórùn kànáfùrù ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Màámi ti lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, ó ń fi òwú tẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín inú bàbá mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì ti wú bíi ti ẹni tó ki òkèlè bọnu tí kò gbé e mì, ìwú náà sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn. Ó di ọjọ́ kẹta tí kò lè jẹ ju ògì lọ.

Ní Ajue tí a ń gbé, gbogbo ará oko ló mọ bàbá mi sí ẹni tí kì í bẹ̀rù. Akọ̀pẹ ni. Mo máa ń dúró nísàlẹ̀, màá gbójú sókè títí ọrùn á fi máa ro mí, òun á wà lórí igbà lókè lọ́hùn-ún, á máa súfèé. "Ọ̀pẹ kì í ṣe igi ojo," ló máa ń wí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, mo sì gbà pé ojo kò sí nílé wa.

Màámi ló fi agídí kó wa gun ọ̀kadà lọ sí Ore. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́," ó wí fún un. Dókítà eléyín tó wà ní ilé ìwòsàn ibẹ̀, obìnrin tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, ní kí bàbá mi jókòó. Ó jókòó. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí abẹ́rẹ́ báyìí, ó dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó jáde láìwọ bàtà.

Ojú tì mí. Ilẹ̀ ni mo ń wò kí n má baà rí ojú àwọn tó jókòó síta.

Dókítà tẹ̀ lé e, ó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀ sí yín rí?"

Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ọkùnrin mẹ́ta ló di òun mú mọ́lẹ̀ kí ẹnì kẹrin tó fi ẹ̀mú fa eyín òun. Màámi pàápàá kò gbọ́ ọ rí.

"Ẹnikẹ́ni ò ní dì yín mú níbí," dókítà wí. Ó ṣàlàyé pé abẹ́rẹ́ erìgì á pa ìrora, kò lè pa ẹ̀rù. Fún ẹ̀rù, hóró oògùn kan wà tí ènìyàn á gbé mì, ara á rọ̀ ọ́, á máa tòògbé, síbẹ̀ á máa gbọ́ ohun tí wọ́n bá ń sọ. Òmíràn wà tí wọ́n ń gún sínú iṣan, ó lágbára jùyẹn lọ. Ti kí ènìyàn sùn lọ pátápátá, ilé ìwòsàn ńlá ló ń ṣe é. "Èwo lẹ fẹ́?"

Ẹnikẹ́ni kò bi bàbá mi bẹ́ẹ̀ rí. "Hóró," ó wí.

Dókítà kọ́kọ́ fún un ní oògùn tí yóò fa ìwú náà wálẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí a bá padà wá, màámi gbọ́dọ̀ sìn ín, bàbá mi kò sì gbọdọ̀ gun ọ̀pẹ títí òun yóò fi yọ̀ǹda rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a padà lọ, bàbá mi gbé hóró náà mì, ó jókòó sórí àga; ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. Ọwọ́ tó fi di àga mú ń tú níka níka. Dókítà ń sọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é. Eyín ti wà nínú àwo tán kí bàbá mi tó rọra béèrè pé, "Ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀?" Màámi rẹ́rìn-ín, ó sì ń nu ojú.

Nínú takisí, èjìká màámi ló sùn lé títí a fi délé. Kò pẹ́ lọ títí tó fi ń jẹ pupuru, tó sì ń béèrè fún sí i.

Mo ti di ìyá ọmọ méjì báyìí, Ore ni mo ti ń ṣe tíṣà. Lóṣù tó kọjá, eyín mú èmi náà. Ọmọ tójú tì nígbà yẹn ì bá jẹ́ kí eyín náà jẹrà sí i lẹ́nu kó tó jẹ́wọ́ fẹ́nikẹ́ni. Èmi kò tíì fẹ̀yìn ti àga tí mo ti wí fún dókítà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ń bà mí. Kí lẹ ní fún un?"