Ọ̀pá Gọ́ọ̀fù Tó Gùn Jù Fún Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nítorí ọ̀pá gọ́ọ̀fù. Bẹ́ẹ̀ ni, gọ́ọ̀fù! Èmi tí mi ò gbá ju bọ́ọ̀lù onírọ́bà lọ láti kékeré.

Láàárín àwọn ọdún 1990 ni. Ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò kan ní Dùgbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì fẹ́ ṣí ẹ̀ka tuntun sí àdúgbò Challenge. Gbogbo èèyàn gbà pé èmi ni màá di mánéjà ibẹ̀. Èmi alára gbà bẹ́ẹ̀, mo tiẹ̀ ti ń rìn bíi mánéjà.

Ni ọ̀gá àgbà tuntun bá dé. Gọ́ọ̀fù ni tiwọn! Wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì, wọ́n ní orí pápá ni àwọn kọ́sítọ́mà ńlá wà, ṣé mo máa ń gbá a?

Ẹ gbọ́ irọ́ o. Mo ní, "Díẹ̀díẹ̀, sà."

Inú wọn dùn. Wọ́n ní ká jọ gbá a ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, kí n sì mú ìyàwó mi dání, torí tiwọn náà ń bọ̀.

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ Bàbá Ràímì nìyẹn. Bàbá Ràímì ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní gọ́ọ̀fù lọ́nà Onírẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, wọn ò fún mi ní bọ́ọ̀lù rárá. Wọ́n ní kí n dúró ṣánṣán, kí n sọ ọwọ́ sílẹ̀. Wọ́n fi téèpù wọ̀n mí láti ọrùn ọwọ́ dé ilẹ̀, wọ́n wá mi orí.

"Ọ̀gá, ẹ kúrú."

Ṣé ìyẹn ni mo wá gbọ́ ni?

Wọ́n ṣàlàyé pé ọ̀pá tó bá gùn ju èèyàn lọ, ilẹ̀ ni yóò máa gbá. Wọ́n ní líle ọ̀pá náà tún yàtọ̀ síra: òmíràn le gbagidi, ẹni tí apá rẹ̀ yá dáadáa ló ni ín, òmíràn máa ń tẹ̀ díẹ̀, òun ló ń ran ẹni tí apá rẹ̀ kò yá lọ́wọ́. Wọ́n wá gbé ọ̀kan jáde fún mi, dúdú, kúkúrú, ó fúyẹ́.

Mo bi wọ́n pé ta ló ti lò ó rí. Wọ́n ní ìyàwó òyìnbó kan ni, obìnrin dáadáa.

Ha! Èmi mánéjà ọ̀la, kí n gbé ọ̀pá obìnrin lọ síwájú ọ̀gá? Mo nawọ́ sí ọ̀kan ní kọ̀rọ̀, onírin, gígùn, tó ń dán. Bàbá ní ẹnjiníà gíga kan tó máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé ló ni ín. Mo ní òun gan-an ni mo fẹ́.

Wọ́n wò mí títí. "Ọ̀gá, ẹni tó ra bàtà tó tóbi lọ́jọ́ orí yín yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní dàgbà bá a mọ́ o."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń gbẹ́ ilẹ̀. Bí mo bá délé ní Bódìjà, Adùkẹ́ ìyàwó mi, tó ń ṣe tíṣà ní Agbowó, á máa fi omi gbígbóná tẹ apá fún mi. Á ní, "Dádì Ṣadé, ṣé ìbánigbófò náà nìyí?"

Sátidé pé. Ọ̀gá, ìyàwó wọn, Adùkẹ́ àti kọ́sítọ́mà méjì tò sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá Ràímì ló ń bá ọ̀gá gbé báàgì ọ̀pá wọn. Mo na apá. Erùpẹ̀ fò, bọ́ọ̀lù jókòó. Mo tún nà án, afẹ́fẹ́ ni mo gbá. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ha orí bọ́ọ̀lù, ó sì yí gbirigbiri lọ sí ẹsẹ̀ ìyàwó ọ̀gá. Kọ́sítọ́mà kan húkọ́. Ẹ mọ irú ikọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo wá fi gbogbo agbára ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Ọrùn ọwọ́ mi dún kọ́! Ọ̀pá já bọ́. Oró náà pọ̀, ṣùgbọ́n ìtìjú ló pọ̀ jù.

Ni Adùkẹ́ bá gbé ọ̀pá náà. Mo ti gbàgbé láti sọ fún yín pé Adùkẹ́ fi orí kan ga jù mí lọ, ó sì gbá họ́kì nílé ìwé. "Ẹ jẹ́ n bá Dádì Ṣadé gbá tiwọn," ló wí. Ó gbé apá, ó fì í wìì. Bọ́ọ̀lù fò títí a ò fi rí i mọ́!

Ọ̀gá ní, "Màdámù, níbo lẹ ti kọ́ ọ?"

"Òní ni, sà."

Bàbá Ràímì ń wo òkè. Wọn ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi.

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n fi akọ̀wé ìṣirò wa ṣe mánéjà Challenge. Ṣé ẹ rò pé ó mọ gọ́ọ̀fù ni? Rárá o! Nígbà tí ọ̀gá bi í, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n, oòrùn kì í sì í bá òun lára mu. Ọ̀gá sọ fún mi fúnra wọn pé àwọn fẹ́ràn ẹni tó mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Mo bínú fún oṣù kan gbáko. Ọwọ́ mi san tán kí inú mi tó rọ̀. Ìgbà náà ni mo padà sọ́dọ̀ Bàbá Ràímì, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ gbé ọ̀pá kúkúrú yẹn wá. Wọn ò bú mi. Mo gbá a. Bọ́ọ̀lù náà ò jìnnà, ṣùgbọ́n ó lọ tààrà. Mo pariwo bí ọmọdé! Adùkẹ́ ló gba onírin gígùn náà nígbà yẹn, gbogbo Sátidé lòun àti ìyàwó ọ̀gá sì ń lọ. Èmi ni mò ń fi ọkọ̀ gbé wọn lọ.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ìwọ̀n kì í ṣe èébú. Téèpù Bàbá Ràímì ò bú mi. Èmi ni mo gbọ́ èébú nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti yàn rí tó tóbi jù yín lọ, torí ojú ń tì yín láti mú èyí tó bá yín mu? Ẹ sọ tiyín, ẹ má fi èmi nìkan sílẹ̀ nínú ìtìjú yìí!