Ajá Tí Mo Sọ Ní Tèmi

Nígbà tí mo kéré, tí orí mi kò tíì ga ju ààrò tí ìyá mi fi ń yan ẹja lọ, Ìgbògbò kì í ṣe ibi tí ẹ̀yin mọ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ kẹ̀kẹ́ láti ẹnu géètì ẹ̀sítéètì yín dé Ìkòròdú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ kò lè mọ̀ pé oko ẹ̀gẹ́ ni gbogbo ibẹ̀ yẹn. Ilé kò pọ̀. Bí ẹnì kan bá wúkọ́ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, ẹni tó wà lókè yóò kí i pẹ̀lẹ́.

Ẹ ti ń bi mí láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé ajá inú gọ́tà yẹn wọlé pé kí ló dé tí n kì í fi ọwọ́ kàn án. Èyí tó kéré jù nínú yín tiẹ̀ ní, "Màmá, ṣé ẹ̀rù ajá ń bà yín ni?" Ẹ̀rù kọ́ o. Ẹ jókòó, kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má bi mí mọ́.

Ẹja ni ìyá mi ń yan. Bàbá mi ti kú kí n tó mọ ojú rẹ̀, nítorí náà ẹja yẹn ni a ń jẹ, òun ni a ń wọ̀, òun ni a fi ń san owó ilé ìwé tí n kò lò ju ọdún méjì lọ. Bí ọjọ́ ọjà Ẹ̀pẹ́ bá pé, ìyá mi yóò gbé agbọ̀n méjì, yóò wọ lọ́rì lọ sí Ẹ̀pẹ́, yóò ra ẹja tútù, yóò sì padà dé kí ẹja tó bàjẹ́. Ọ̀nà kò dára nígbà náà. Lọ́rì kan ṣoṣo ni àwọn aláta àti ẹlẹ́ja àdúgbò wa gbójú lé, ẹni tó sì ni ín, ògiri ilé rẹ̀ fara kan tiwa. Bàbá Onílọ́rì ni gbogbo wa ń pè é. Èèyàn burúkú kọ́. Ó máa ń ra àkàrà fún wa, ó máa ń rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ yóò fi máa mì. Bó bá jẹ́ èèyàn burúkú ni, ọ̀rọ̀ yìí ì bá má korò lẹ́nu mi tó bẹ́ẹ̀.

Ó ní ajá kan lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ẹnì kan ló fi ta á lọ́rẹ ní Ìmọ́ta, ó gbé e dé, ó fi wáyà so ó mọ́ irin táyà tó ti dípẹtà, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kì í gbélé. Àwọn ìyàwó rẹ̀ sì ní àwọn kọ́ ló ni ajá. Ẹ ò rí i bó ṣe rí. Kúrùnà ti bo gbogbo ara rẹ̀, irun rẹ̀ ti re tán, eégbọn kún inú etí rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn da ẹ̀wà sí i. Wáyà yẹn ti wọnú ẹran ọrùn rẹ̀. Èèyàn lè ka egungun ìhà rẹ̀. Kì í gbó. N kò mọ̀ pé ajá lè dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èépá ìkọ́kọrẹ́ lọ fún un, èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ọjọ́ kan, Bàbá Onílọ́rì bá mi níbẹ̀.

"Ìwọ ọmọ ẹlẹ́ja, kí lò ń wá lẹ́yìnkùlé mi?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ebi ló ń pa á."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ebi? Ebi ń pa èmi náà, o ò gbé oúnjẹ wá fún mi!" Ó wá wo ajá náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì mi orí. "Ó dáa. Gbà á sìn."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Gbà á sìn. Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n mọ́. Nígbà tiwa, ẹni tó bá ní ewúrẹ́ tí kò sì ráyè, yóò fún ẹlòmíràn gbà sìn. Bó bá bímọ méjì, ẹni tó ń sìn ín yóò mú ọ̀kan. Bó bá jẹ́ akọ, tí kò lè bímọ, ọjọ́ tí wọ́n bá pa á ni wọn yóò fi itan kan ránṣẹ́ sí ẹni tó sìn ín. Ṣùgbọ́n ẹran fúnra rẹ̀, ti olówó rẹ̀ ni, ì báà gbé ogún ọdún lọ́wọ́ rẹ. Àgbàsìn ni wọ́n ń pè é. Ọmọdé ni mí. "Gbà á" ni etí mi gbọ́. Etí mi kò gbọ́ "sìn".

Ìyá mi kọ́kọ́ pariwo lé mi lórí. Ó ní, "Ẹnu mélòó ló wà nínú ilé yìí tí n kò tíì rí oúnjẹ fi sí, tí o tún lọ kó ẹnu mìíràn wá?" Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ọrùn ajá náà, ó ní kí n fà á súnmọ́ òun. Ó jókòó sílẹ̀, ó fi ìka tú wáyà náà díẹ̀díẹ̀, ó sì fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ ojú egbò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó po imí-ọjọ́ mọ́ àdín, ó sì ní kí n máa fi pa á lára láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ ò mọ òórùn yẹn. Àwọn ará àdúgbò ń fi aṣọ bo imú bí mo bá ń kọjá. Eégbọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń tu wọ́n, tí mo ń jù wọ́n sínú iná ààrò, wọ́n á sì máa ta pàrà, pàrà.

Ìyá mi ló tún kọ́ mi bí a ṣe ń bọ́ ohun tí ebi ti pa. Ó ní kí n má fún un ní púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, pé ikùn tó ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, bó bá yó lójijì, yóò kú. Omi orí ẹja àti gààrí díẹ̀, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo rí irun kan tó ń hù lẹ́yìn etí rẹ̀. Mo sáré lọ pe ìyá mi bí ẹni pé ilé ń jó.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbó, ológbò kan ló fò sórí ẹja wa. Ohùn rẹ̀ há, bí ti bàbá arúgbó, ṣùgbọ́n ológbò náà sá títí dé ìdí ẹ̀gẹ́. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri. Láti ọjọ́ yẹn, ológbò kò mú ẹja wa mọ́. Ajá náà fúnra rẹ̀ kò sì fi ẹnu kan èyí tó wà lórí ààrò rí. Èyí tó bá já sílẹ̀ ló ń dúró dè, yóò sì kọ́kọ́ wo ojú ìyá mi ná.

Ó wá ku orúkọ. Àwọn èèyàn ìgbà yẹn máa ń fi orúkọ ajá bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Obìnrin tí orogún rẹ̀ bá ń yọ lẹ́nu lè sọ ajá rẹ̀ ní Ẹ-jẹ́-n-sinmi, kó máa fi lọgun láti àárọ̀ dalẹ́. Èmi kò ní ọ̀tá. Aṣọ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mò ń wọ̀, ẹní ìyá mi ni mò ń sùn lé, n kò ní ohun kan láyé yìí tí ẹlòmíràn kò kọ́kọ́ lò. Mo sọ ọ́ ní Tèmi.

Ìyá mi ń la ẹja lọ́wọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ pè é. Ọ̀bẹ rẹ̀ dúró.

"Kí lo pè é?"

"Tèmi ni, ìyá mi."

"Tìẹ kọ́ o. Àgbàsìn ni. A kì í sọ àgbàsìn lórúkọ."

Mo rò pé ó ń jowú ni.

Àwọn ọmọ àdúgbò gbìyànjú, wọ́n á máa kígbe, "Tèmi! Tèmi!" Kò ní dá wọn lóhùn. Ohùn mi nìkan ló mọ̀. Wọ́n á wá máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọmọ ẹlẹ́ja, kúrùnà ẹ̀ ni tìẹ!" Bí Bàbá Onílọ́rì bá ń kọjá, tó sì gbọ́ tí mo ń pe Tèmi, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Tèmi ni lóòótọ́!" Èmi náà á bá a rẹ́rìn-ín. Mo rò pé eré là ń ṣe.

Ó tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Bàbá Onílọ́rì ra lọ́rì tuntun. Àwọn káfíńtà ti kan ara rẹ̀, wọ́n ti kùn ún ní pupa àti àwọ̀ ewé. Nígbà náà, kò sí onímọ́tò kan tí yóò gbé mọ́tò tuntun bọ́ sójú ọ̀nà láìfún Ògún ní ajá. Gbogbo èèyàn ló mọ̀. Èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ajá ẹlòmíràn ni mo ti ń mọ̀ ọ́n mọ́.

Bàbá Onílọ́rì wọlé wá láàárọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ọkọ̀ rẹ̀, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ajá náà kò tíì gbàgbé rẹ̀. Ó sá wọ abẹ́ àtẹ, ó yọ eyín. Wọ́n fi igi wá a, wọ́n fi ẹja tàn án, kò jáde.

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ẹ ṣàánú, Bàbá Onílọ́rì. Ẹ jẹ́ kí n ra òmíràn fún yín. Ọmọ yìí ló jí i dìde láti ipò òkú."

"Ìyá ẹlẹ́ja, ṣé mo ta á fún un ni? Mo ní kó gbà á sìn. Ó sìn ín dáadáa, mo sì dúpẹ́. Ajá tó rù hangogo ni ẹ fẹ́ kí n gbé fún Ògún ni?"

Àwọn tó dúró yí wa ká ní ó jàre. Ó sì jàre, ìyẹn ni n kò lè gbé mì. Kò pariwo. Kò halẹ̀. Ó kàn wo agbọ̀n méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn wa, ó ní, "Ọ̀la ni ọjà Ẹ̀pẹ́, àbí?"

Ìyá mi wo agbọ̀n náà. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ó ní, "Pè é."

Mo pè é. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ìyá mi ló ní kí n pè é, n kò sì tíì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Mo ní, "Tèmi," lẹ́ẹ̀kan péré, n kò tiẹ̀ gbé ohùn sókè. Ó jáde. Ó ń ju ìrù. Ó gbé orí lé àtẹ́lẹwọ́ mi bó ṣe máa ń ṣe bí mo bá fẹ́ fi àdín pa á. Bàbá Onílọ́rì sì fi okùn sí ọrùn rẹ̀, lójú àpá wáyà gan-an.

Kí oòrùn tó wọ̀, ó padà wá, ó gbé nǹkan kan tí wọ́n pọ́n sínú ewé. "Ìpín yín rèé, Ìyá ẹlẹ́ja. Ẹ má sọ pé mo yàn yín jẹ." Itan ni. Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó ní, "Ẹ ṣé o. Mọ́tò á gbé ire wá." Bí Bàbá Onílọ́rì ti yí ẹ̀yìn padà, ìyá mi mú ọkọ́, ó lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì bò ó mọ́lẹ̀. Kò wo ojú mi. Kò sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí ó fi kú.

Ní ọjọ́ kejì, lọ́rì tuntun yẹn ló gbé wa lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìyá mi ní kí n bá òun ru agbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà níwájú lọ́rì náà, ó ti gbẹ. Mo jókòó nínú rẹ̀ lọ, mo jókòó nínú rẹ̀ bọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ológbò ti padà sórí ẹja wa.

Mo bínú sí ìyá mi títí èmi náà fi bímọ. Nígbà tí mo wá ní ẹnu tèmi láti bọ́, ọ̀rọ̀ agbọ̀n yẹn yé mi. Ó yé mi, ṣùgbọ́n yíyé tó yé mi kò ní kó má dùn mí. Àwọn èèyàn gbé ewúrẹ́ wá fún mi láti sìn, wọ́n gbé àgùntàn wá, mo ní rárá. Wọ́n ní mo lẹ́mìí ìmọtara-ẹni-nìkan. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ayé ti yí padà o. Ẹni tó bá ra mọ́tò lónìí, pásítọ̀ á da òróró sí i, tàbí ààfáà á ṣe àdúà sí i, kò pọn dandan kí ajá kú. Ajá yín ní dókítà. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ẹ ń fi ọṣẹ olóòórùn dídùn wẹ̀ ẹ́, kò sí ẹni tó ń fi àdín pa á lára kí àdúgbò máa di imú. Ó dára. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n níjẹta, bí mo ṣe jókòó tí mò ń ṣa ẹ̀wà, mo gbọ́ ọ̀kan nínú yín lórí fóònù: "A kàn ń bá àwọn tó ń gba ajá ìgboro là yẹn tọ́jú ẹ̀ ni, títí wọ́n á fi rí ẹni tó máa mú un." Mo ní nínú ara mi pé, àgbàsìn nìyẹn. Lánàá, mo sì gbọ́ tí èyí tó kéré jù ń pè é lórúkọ.

Mo rí i pé irun ti ń hù lẹ́yìn etí rẹ̀.

Ẹ mọ̀wé, èmi kò mọ̀wé. Káàdì tí dókítà fún yín yẹn, ẹ wò ó, kí ẹ wo orúkọ ẹni tó wà níbi tí wọ́n kọ olówó ajá sí. Bí kì í bá ṣe orúkọ yín, ẹ lọ bá wọn sọ ọ́ lónìí pé kí wọ́n fi í fún yín pátápátá, kí ó tó sanra. Bí wọ́n bá sì kọ̀, ẹ bọ́ ọ, ẹ wẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ lórúkọ. Ajá kò mọ ẹni tó ni òun. Ohùn ẹni tó bọ́ ọ ló mọ̀, ohùn yẹn náà ni wọn yóò sì ní kí ẹ fi pè é.