Ìṣó Tó Mì Lẹ́nu Hàjàrá

Láti kékeré ni eyín òkè Hàjàrá, tíṣà kan ní Ìyànà Ọ̀fà, ti yọ síta. Lọ́dún 1998, Dókítà Bámgbóṣé, oníṣègùn eyín n'Ìbàdàn, fi wáyà de eyín náà. Ó wá yí ìṣó irin tín-ín-rín kan wọ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí wáyà lè rí ohun tó dúró ṣinṣin gbára lé láti fa eyín sẹ́yìn.

Kò pẹ́ tí ìṣó fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Lìádì, ọkọ rẹ̀, fajú ro. "Ṣebí mo ní kí o yé jẹ gúgúrú! Ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ bà á jẹ́." Ọ̀rọ̀ náà dun Hàjàrá wọra, torí òun náà rò pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí tọkọtaya náà dé ọ̀dọ̀ dókítà, Hàjàrá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Dókítà yẹ ẹnu rẹ̀ wò, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀bi yín kọ́. Egungun yín rọ̀ níbi tí mo yí i sí. Òpó tí a rì mọ́ ilẹ̀ rírọ̀, ṣé ó lè ṣàì yẹ̀? Èmi ni mi ò yẹ ibẹ̀ wò tó."

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, ọkọ̀ wọn kọjá Olódò. Lìádì yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Khàlíl, jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

"Mo ti gbọ́," ni Hàjàrá wí, omi sì lé sójú rẹ̀.

Nígbà tí ojú egbò ibi tí dókítà ti yọ ìṣó àkọ́kọ́ jinná, ó yí ìṣó mìíràn sí ibi tí egungun ti nípọn, tó sì le. Èyí dúró gbọn-in, eyín sì ń padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.