Ẹnu Ọ̀nà Ọ̀tún, Ẹnu Ọ̀nà Òsì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹnu ọ̀nà méjì ni kíláàsì kẹfà wa ní, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Èyí tó wà lọ́tùn-ún kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tó wà lósì kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ ọ̀sán wa, tó fi jẹ́ pé òórùn ẹ̀wà àti epo pupa la fi ń ṣe ìṣirò. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ lọ sí ilé-ìwé àwọn Sísítà ní apá Èkìtì láyé ìgbà náà, ẹ ó mọ irú kíláàsì tí mò ń sọ: ògiri ẹfun, bẹ́ǹṣì gígùn tí ọmọ márùn-ún ń fún ara wọn mọ́, àti ihò yíǹkì tí a máa ń ki èkùrọ́ sí. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ọ̀dọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ni mò ń gbé ní Brays Oaks, ní Houston. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí n má rántí àwọn ẹnu ọ̀nà méjèèjì yẹn.

Ìyá mi a máa hun kíjìpá. Láàárọ̀, kí n tó pọn omi ẹlẹ́ẹ̀kejì dé láti odò, mo ti ń gbọ́ bí òfì rẹ̀ ṣe ń dún gbì, gbì, lẹ́yìn ilé. Bí mo bá gbálẹ̀ tán, yóò já ẹ̀kọ fún mi pẹ̀lú àkàrà méjì, yóò sì wo èékánná mi kí n tó lọ, nítorí Sísítà kì í fojú fo èékánná. Ẹni tí tirẹ̀ bá dọ̀tí, orí ìkúnlẹ̀ ni yóò ti gbọ́ àdúrà àárọ̀, ọwọ́ méjèèjì lókè. Mo ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ará Írẹ́lándì ni Sísítà wa, ó ga, ojú rẹ̀ kún fún àmì kéékèèké bíi ti ẹyin awó. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń gbé ẹyin kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé a máa fi tíì àti ọṣẹ ránṣẹ́ sí i, a sì máa fi ìwé ìròyìn wé wọn. Sísítà kì í ju ìwé náà nù. Yóò tẹ́ ẹ sórí tábìlì, yóò fọwọ́ nà án, yóò sì ka ohun tí wọ́n sọ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin orílẹ̀-èdè wọn fún wa. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ogun àti ti ọba ni a ó gbọ́. Rárá o. Ọkọ̀ tí kò dé abúlé kan ni, òrùlé ilé-ìwé tó ń jò, owó ìtọ́jú àwọn opó, ilé ìwòsàn. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn àgbàlagbà tó wọ kóòtù ń pariwo mọ́ ara wọn nítorí òrùlé tó ń jò.

Sísítà ní, “Ìjọba gan-an nìyẹn. Ta ni yóò rí dókítà, ta ni kò ní rí?”

Bí ó ṣe di pé gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni kíláàsì wa ń di ilé aṣòfin nìyẹn. Ẹnì kan yóò jẹ́ olórí ilé, yóò mú agogo ilé-ìwé dání. Ẹnì kan yóò jẹ́ mínísítà, ẹnì kan yóò máa bi í léèrè. Kò sẹ́ni tó ń yan ipò fúnra rẹ̀. Inú apẹ̀rẹ̀ la ti ń mú ìwé, èyí tó bá sì bọ́ sí ẹ lọ́wọ́, òun lo máa gbèjà. Bí a bá sọ̀rọ̀ tán, a kì í nawọ́. A ń rìn ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wọn. Àwọn tó gbà yóò bá ẹnu ọ̀nà ọ̀tún jáde, àwọn tí kò gbà yóò bá ti òsì. Ó fi ẹfun kọ “Tá” sókè ti ọ̀tún, ó kọ “Níl” sókè ti òsì, nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ka ìbò wọn nìyẹn ní èdè wọn. Ọ̀rọ̀ méjì péré tí mo gbọ́ nínú èdè náà títí dòní nìyẹn.

Kò rọrùn fún wa. Fẹ́hìntọ́lá ọ̀rẹ́ mi, bí wọ́n bá ní kó bi mínísítà léèrè, yóò kọ́kọ́ kúnlẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.” Mínísítà náà sì lè jẹ́ àbúrò rẹ̀! Sísítà yóò gbá tábìlì: “Bi í léèrè, Fẹ́hìntọ́lá! Má bẹ̀ ẹ́!” A ó rẹ́rìn-ín títí agogo yóò fi dún.

Ní ìparí sáà kejì, Sísítà pe àwọn òbí wa wá wo ìjíròrò náà. Kánsẹ́lọ̀ kan láti káńsù wá pẹ̀lú, wọ́n fún un ní àga onítìmùtìmù níwájú. Ọ̀rọ̀ tí Sísítà mú látinú ìwé ìròyìn ni ti ilé ìwòsàn kékeré kan ní àgbègbè tirẹ̀, tí ìjọba wọn fẹ́ tì nítorí pé ọ̀nà ti dára, ilé ìwòsàn ńlá sì wà ní ìlú kejì. Ohun tí Sísítà kò mọ̀, tí àwa náà kò mọ̀, ni pé káńsù ń rò ó lọ́wọ́ láti kó àwọn nọ́ọ̀sì matánítì ìlú wa lọ sí ìlú ńlá, nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sọ́nà wa. Kánsẹ́lọ̀ mọ̀.

Mo ti ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀, ìwé mínísítà ni mo mú. Èmi ni mo máa sọ pé kí wọ́n tì í.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi múra. Mo sọ̀rọ̀ fún ewúrẹ́, mo sọ fún ìkòkò omi. Mo lọ bá ìyá mi nídìí òfì. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje nígbà náà, ó ní láti fẹ̀gbẹ́ jókòó kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè tó òwú. Mo ní, “Màmá, tí ọ̀nà bá ti dáa, ṣebí ilé ìwòsàn ńlá ló sàn jù?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Tí ẹsẹ̀ bá gbé mi débẹ̀. Ìwọ ṣáà sọ ọ́ dáadáa, má dójú tì mí.”

N kò dójú tì í. Mo ní nọ́ọ̀sì méjì kò lè ṣe iṣẹ́ dókítà. Mo ní ọkọ̀ yóò gbé aboyún dé ìlú ńlá kí omi orí iná tó hó. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Fẹ́hìntọ́lá dìde, ó gbàgbé, ó tún kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, lọ́jọ́ tí kò bá sí ọkọ̀ ńkọ́?”

Ìbéèrè tó dára ni. Olùkọ́ ni mí, mo mọ ìbéèrè tó dára. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí lọ́jọ́ náà, gbogbo ojú sì ń wò mí. Mo gbé àyà sókè, mo ní, “Ìjọba kò lè máa ṣètò fún ọjọ́ tí kò tíì dé.”

Ariwo sọ. Kánsẹ́lọ̀ gbá itan rẹ̀, ó ní, “Ọmọ yìí gbọ́n!”

Sísítà wá ní kí àwọn òbí náà bá wa dìbò. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá: ta ni yóò kẹ̀yìn sí ọmọ rẹ̀ lójú àwùjọ? Ìyá mi ló kọ́kọ́ dìde, ó fọwọ́ ti ìbàdí, ó rọra gba ẹnu ọ̀nà ọ̀tún, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Àwọn ìyàwó ilé wa tò tẹ̀lé e, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àwọn aládùúgbò. Ìyá Fẹ́hìntọ́lá yọ ṣùtì sí wọn, ó gba òsì pẹ̀lú àwọn ará ilé tirẹ̀, wọn kò pọ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà ti matánítì náà gba òsì. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Kánsẹ́lọ̀ yọ ìwé pélébé kan lápò, ó kọ nǹkan sí i. Lálẹ́ ọjọ́ náà, iyán àti ọbẹ̀ adìyẹ ni a jẹ, bàbá mi sì mú iwe adìyẹ tó jẹ́ tirẹ̀, ó fi í sínú abọ́ mi.

Kí a tó wọlé sáà kẹta, wọ́n ti kó àwọn nọ́ọ̀sì lọ, wọ́n fi àgádágodo sílẹ̀kùn matánítì. Àwọn obìnrin ìlú wa lọ sí káńsù. Ìyá mi bá wọn lọ, ó sì sọ ohun tí kánsẹ́lọ̀ sọ fún wa nílé.

“Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ gba ẹnu ọ̀nà ọ̀tún lójú mi?”

“Eré ọmọdé nìyẹn, sà!”

“Ọmọ yín ló sọ ọ́, ẹ̀yin lẹ sì tẹ̀lé e. Mo ti sọ fún káńsù pé àwọn obìnrin ìlú náà fara mọ́ ọn.”

Sísítà gun kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta dé, ojú rẹ̀ pọ́n wẹ̀. Kò lu agogo lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. Ó fi aṣọ nu “Tá” kúrò, ó nu “Níl” kúrò, ó ní, “Ẹ̀bi mi ni. Mo kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. N kò kọ́ yín pé kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá ẹni tí yóò rin ọ̀nà náà.”

Ọ̀sán ọjọ́ ọjà ìlú ńlá ni. Mo ń pa èkùrọ́ lẹ́yìn ilé nígbà tí òfì dákẹ́. Mo bá ìyá mi tó di òpó òfì mú, ó ń mí gúlegúle. Bàbá mi wà lóko. Gbogbo ọkọ̀ ti kó èrò ọjà lọ láti òwúrọ̀, kò sì sí èyí tí yóò padà kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn ìyàwó ilé mẹ́ta di ìyá mi mú, a mú ọ̀nà pọ̀n. Èmi ni mo ru agbè omi àti aṣọ. Ọ̀nà náà dára lóòótọ́, n kò parọ́. Ó dúdú, ó ń dán, ó sì ń jó wa lẹ́sẹ̀.

Abẹ́ igi tíìkì kan lẹ́bàá afárá ló bí i sí. Ọkùnrin ni. Ó ké lẹ́ẹ̀kan. Kíjìpá tí ìyá mi fọwọ́ ara rẹ̀ hun ni wọ́n fi wé e, ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ kan tó kọjá tó gbé wa, kò mí mọ́. Wọ́n tọ́jú ìyá mi nílé ìwòsàn ńlá, dókítà náà sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ pé yóò rí.

Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Mo dúró de ẹgba, ẹgba kò dé. Lọ́jọ́ tí ìyá mi padà wálé, ẹ̀yìn ilé ló ti bá mi lórí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ mi lókè.

“Ta ló ní kó o kúnlẹ̀?”

“Èmi ni, Màmá.”

“Dìde. Ọmọ mi ló sọ̀rọ̀, ọmọ mi ni mo dìbò fún. Ó tán.”

Kò sọ ọ́ mọ́ títí ó fi kú. Ì bá nà mí, ọkàn mi ì bá fúyẹ́.

Nígbà tí èmi náà di olùkọ́, n kò jẹ́ kí ọmọ kankan gbèjà ọ̀rọ̀ kan ní kíláàsì mi láìjẹ́ pé ó ti lọ jókòó ti ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwọn òbí a ní mò ń fi àkókò ṣòfò. Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí. Mojísọ́lá ọmọ mi obìnrin ń ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí ní Írẹ́lándì, ní ìlú kékeré kan. Ìjọba ibẹ̀ fẹ́ kó wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ sí ìlú ńlá, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé aṣòfin wọn. Ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé kí n wò ó. Ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ wọn, àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wa. Mo gbé fóònù ti agolo ṣúgà, mo bu tíì. Ìbùkún ọmọ-ọmọ mi, tó wà ní ìsinmi gígùn, ń jẹ sírílì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n tún èrò àwọn ẹgbẹ́ mi kan ṣe, àwọn tó ní olóṣèlú ò lóòótọ́. Mínísítà tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú fóònù náà kò jọ òpùrọ́ lójú mi. Ó ní dókítà kò tó, ó ní ọ̀nà ti dára. Òótọ́ ni èmi náà sọ nígbà tèmi. Obìnrin kan wá dìde lódìkejì. Kò kúnlẹ̀. Ó béèrè pé lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ilé ìwòsàn kò bá tètè dé ńkọ́? Ife tíì mi dúró lọ́wọ́ mi. Mínísítà ní àwọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà kan rí, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rin ìbò wọn. Mojísọ́lá sọ fún mi pé bọ́tìnnì ni wọ́n sábà ń tẹ̀ báyìí, orí ìjókòó ni kálukú wà. Ní tiwa, kí o tó jáde, wàá ti kọjá níwájú ẹni tí o kẹ̀yìn sí, yóò sì ti rí ojú rẹ. Ṣùgbọ́n agogo ìbò ṣì ń dún, ó sì dún láàárọ̀ ọjọ́ náà nínú fóònù mi.

Mo dìde.

“Gíránmà, níbo lẹ ń lọ?” Ìbùkún ní. “Tíì yín ò tíì tán.”

“Mo ń lọ dìbò.”

“Ẹ ò sí ní Írẹ́lándì!”

Ẹnu ọ̀nà méjì ni pálọ̀ wa ní, ti ọ̀tún lọ síta, ti òsì lọ sí kíṣìnì. Mo gba ti òsì. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ọwọ́ mi lórí ìbàdí. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Ìbùkún ti tẹ̀lé mi, abọ́ sírílì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi gẹ́lẹ́ bí ìyá mi ṣe rẹ́rìn-ín.

Mo ní, “Má tẹ̀lé mi. Padà lọ jókòó. Kọ́kọ́ bi mí léèrè ìdí.”

Ó padà, ó gbé abọ́ rẹ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì, ó kọjú sí mi.

“Ó dáa, Gíránmà. Kí ló dé tí ẹ gba ibẹ̀?”