Ìwádìí Bọ́ọ̀sì Tí Ìyá Mi Gbárùkù Tì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Laranto ni a ń gbé nílùú Jos. Ìlọrin ni àwọn òbí mi ti wá, ṣùgbọ́n Jos ni wọ́n bí mi sí, Haúsá sì yọ̀ lẹ́nu mi ju Yorùbá lọ. Ìyá mi ń ta abọ́ tánganran lọ́jà àárín ìlú. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbọ́ mi yìí, bí ẹ bá ní kí n sọ bí a ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì nígbà náà, èébì ló kọ́kọ́ máa ń gbé mi.

Ṣé bọ́ọ̀sì náà nìyẹn? Ọkọ̀ tí wọ́n fi kó ewúrẹ́ láàárọ̀ ni wọ́n á fi kó wa lọ́sàn-án, láì da omi síbẹ̀ rárá. Ìtọ̀ ewúrẹ́ á máa ṣàn lábẹ́ bàtà wa. Kọ̀ndọ́ á máa fi orúnkún ti èèyàn wọlé bí ẹni ń ki òwú sínú tìmùtìmù. Bí o bá jẹ́ arúgbó tàbí aboyún, wọn ò ní dúró fún ọ rárá.

Lọ́jọ́ kan tí òjò oníyìnyín ń rọ̀, èmi àti ìyá mi ń darí bọ̀ láti ọjà. Ó gbé ẹrù abọ́ lórí. Kọ̀ndọ́ ń pariwo lé e lórí, "Maza, maza!", pé kó yára. Ẹsẹ̀ kan ló tíì gbé wọ ọkọ̀ tí dírẹ́bà fi ṣí i. Ìyá mi já bọ́, abọ́ tú ká, apá ọ̀tún rẹ̀ sì ṣẹ́. Bọ́ọ̀sì ò dúró. Mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn kan nínú rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Títí dòní, ẹ̀rín yẹn ń rí mi lára.

Baba kan ní Dilimi ló to eegun náà. Ìyá mi ṣì gbé apá kọ́ ọrùn nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, wọ àdúgbò wa. Wọ́n ń ṣèwádìí bí bọ́ọ̀sì ìlú ṣe lè dára sí i. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí a ń lọ, bí a ṣe ń pẹ́ tó ní ìdíkọ̀, àti ohun tí ojú wa ń rí. Àwọn èèyàn tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Wọ́n ní ọgbọ́n àtigba owó orí ni. Bàbá onílé wa, tó jẹ́ àgbà àfáà, sọ ọ́ ní gbangba pé, "Ẹni tó bá dá wọn lóhùn nínú ilé yìí, kó má pè mí ní bàbá mọ́."

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé owó orí ló ṣẹ́ mi lápá? Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

Bàbá wo apá náà títí. Ó ní kí wọ́n gbé àga fún àwọn àlejò.

Láti ọjọ́ náà, ìyá mi di aṣíwájú wọn. Ilé àwọn Haúsá tí ọkùnrin àjèjì kò lè wọ̀, òun ló ń mú obìnrin akẹ́kọ̀ọ́ náà wọ̀ ọ́. Ìyàwó ilé kan tí a ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí níta sọ pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lòun bímọ sí, torí pé bọ́ọ̀sì kọ̀ láti gbé òun. Ó sunkún, ìyá mi náà sunkún.

Ó pẹ́ kí bọ́ọ̀sì tuntun tí ìjọba tìtorí ìwádìí náà rà tó dé, ṣùgbọ́n ó dé. Ó ń gba Laranto kọjá, dírẹ́bà sì ń dúró kí arúgbó jókòó tán. Ìyá mi wẹ̀, ó wọ aṣọ ọdún, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Kabong, ó sì wọ̀ ọ́ padà. Kò ní iṣẹ́ kankan tó fẹ́ ṣe níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí nǹkan fi bàjẹ́. Àwọn ọlọ́lá ń gba bọ́ọ̀sì lọ fi kó àlejò ìgbéyàwó. Lẹ́yìn náà, táyà ń pòórá. Nígbà tí a ò rí ọkọ̀ kankan mọ́, ìyá mi mú mi lọ sí ọgbà tí wọ́n ń kó wọn sí. Adìyẹ ló ń yé sínú ọ̀kan. Ọlọ́dẹ ti fa fóòmù ìjókòó yọ, ó ń sùn lé e.

Ìyá mi bi ọ̀gá ibẹ̀ pé, "Ọ̀gá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé ó dáa báyìí?"

Ọkùnrin náà ń jẹ obì, kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. "Màmá, ẹrù ìjọba ni. Kí ló kàn yín?"

Ìyá mi, tí kì í rí àgbà fín, tutọ́ síwájú rẹ̀, a sì fẹsẹ̀ rìn délé.

Ayé ti yí. Kéké kún ìgboro báyìí, ẹni tó lágbára sì ti ra mọ́tò tirẹ̀. Síbẹ̀ ohun tó ń kó mi nírìíra jùlọ kì í ṣe ọkọ̀. Nígbà náà, Haúsá, Bẹ̀rọ́ọ̀mù àti Yorùbá jọ ń ráhùn pọ̀ lágbàlá kan. Lónìí, lẹ́yìn ìjà ẹ̀yà àti ẹ̀sìn tó bẹ́ sílẹ̀ ní Jos, oníkálukú ti kó sí apá tirẹ̀ nínú ìlú, àwọn kan ò sì ní wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí àdúgbò ẹlòmíì. Bí wọ́n tilẹ̀ kó bọ́ọ̀sì tuntun kún Jos lọ́la, ta ni yóò jókòó ti ta?