Ìlà Ara Kọ́bọ̀ Oníhò

Èékánná àtàǹpàkò ọ̀tún ni Sàlíhátù fi ń wò ó. Yóò gbé kọ́bọ̀ oníhò kan lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, yóò fi èékánná wọ́ ojú rẹ̀ láti ihò àárín dé etí. Bí èékánná bá jìn sínú, a jẹ́ pé nǹkan mímú ló ha owó náà. Yóò tì í sápá kan. Èyí tó ń gbé èékánná sókè ló ń wá, èyí tí ìlà rẹ̀ yọ bí iṣan.

Irú rẹ̀ ló so mọ́ Gàfárù ọmọ rẹ̀ lọ́rùn nígbà tó ń rákò. Ọmọ náà dàgbà tòun ti okùn lọ́rùn. Lọ́dún tí wọ́n sọ Minna di olú-ìlú ìpínlẹ̀, tí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí eruku rọlẹ̀, Gàfárù bá ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà lọ sí Kontagora. Òjò ti rọ̀, ó ti dá, ó tún ti rọ̀. Kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́.

Náírà ti gbòde. Owó àtijọ́ kò ra nǹkan mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin Fúlàní fẹ́ràn láti so ó mọ́ irun, nítorí náà Àbdùlsàlámì, ọmọ Ìlọrin bíi tirẹ̀, ń rà á jọ ní àdúgbò Limawa ní Minna. Bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, Sàlíhátù á wá jókòó ti àtẹ rẹ̀.

"Ìyá Gàfárù, ẹ ó fá adé ọba dànù lára owó yìí o."

"Kó fá. Ọba ọ̀hún ti lọ sílé."

Ó mú òmíràn. Èékánná gun nǹkan. Ó fa èékánná padà. Ó tún gùn ún.

"Sàlámì. Òun nìyí."

Ọkùnrin náà kò gbójú sókè.

"Ta ló tà á fún ọ?"

"Ará Kontagora kan ló kó wọn wá lánàá."

Obìnrin náà ti dìde. "Ọkọ̀ àárọ̀ ọ̀la ni màá wọ̀. Màá dá yàrá padà fún onílé. Ọmọ mi wà níbẹ̀, tàbí sàréè rẹ̀."

"Haba, Ìyá Gàfárù. Ẹ jókòó ná."

Ó fa agolo mílíìkì kan yọ lábẹ́ àtẹ, ó da ohun inú rẹ̀ sórí ẹní. Kọ́bọ̀ oníhò ni. Sàlíhátù mú ọ̀kan. Ìlà rẹ̀ gbé èékánná sókè. Ó mú èkejì. Ó mú ẹ̀kẹta.

"Irin tí wọ́n fi ń tẹ̀ wọ́n nílùú òyìnbó ló sán," Àbdùlsàlámì wí. "Wọn ò tètè pààrọ̀ rẹ̀. Gbogbo èyí tó tẹ̀ lẹ́yìn náà ló ní ìlà yìí, lójú ibì kan náà."

"O sì ń kó wọn pamọ́ fún mi."

"Mo máa ń ṣà wọ́n kúrò kẹ́ ẹ tó dé, kẹ́ ẹ má baà rò pé ti Gàfárù ni. Èyí ni mo fojú fò."

Sàlíhátù wo èyí tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó gbé e sáàárín àwọn ìyókù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ dà wọ́n rú. Lẹ́yìn náà ó tún ìró rẹ̀ so, ó gba ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí padà sí yàrá rẹ̀.